Ife Tíì Mélòó Ni Aboyún Lè Mu Lójúmọ́?

Bí aboyún bá bèèrè bóyá òun ṣì lè máa mu tíì, ó lè mu ún. Ife ńlá méjì lóòjọ́ kò tako ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìṣègùn, bí kò bá ti sí ohun mìíràn tó ní káfíìnì nínú ohun tí ìyá náà jẹ, tó mu, tàbí tó lò fún ẹ̀fọ́rí lọ́jọ́ náà. Apá kejì ìdáhùn yìí gan-an ni kì í délé. Ìyá á kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú "ife méjì" lọ́kàn, kò ní ka obì tó jẹ níbi ìsọmọlórúkọ, kò ní ka Coke tó fi ti ìrẹsì lọ́nà ọ̀fun, kò sì ní mọ̀ rárá pé oògùn ẹ̀fọ́rí náà ní tirẹ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà nínú ife. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, tíì ni Lipton, tíì ni Milo, tíì ni Bournvita. Ohunkóhun tí a bá ti da omi gbígbóná lé lórí tí a fi mílíìkì sí, ó ti di tíì. Ní ti káfíìnì, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Lipton, Top Tea, àti Highland Tea tí ewé rẹ̀ ń hù lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ewé igi kan náà ni gbogbo wọn, Camellia sinensis, láti oko sì ni káfíìnì ti wà nínú ewé náà. Green tea tí àwọn èèyàn gbà pé ó rọjú ju ti dúdú lọ, ewé igi yìí náà ni; bí wọ́n ṣe ṣètò ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yàtọ̀, káfíìnì inú rẹ̀ sì lè tó ti Lipton. Kòkó ló fún Milo àti Bournvita ní ìwọ̀nba káfíìnì tiwọn, kò sì pọ̀: ife kan kì í sábà ní ju mílígíráàmù 10 lọ. Koríko ọba tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ewé tíì ò ní rárá.

Káfíìnì kì í fún ara lókun bí oúnjẹ ṣe ń fún un. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ti ń kó jọ sínú ọpọlọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ara ń rọ̀, tí oorun ń kùn wá. Ìrísí káfíìnì jọ ti adenosine tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gba ibùjókòó rẹ̀, bí àlejò tó ti jókòó sórí àga baálé kí baálé tó dé. Adenosine dé, kò ráàyè jókòó, àṣẹ pé kí ara sinmi kò sì délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń là, tí àyà ń yára lù díẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n wá.

Ẹ̀dọ̀ ló ń wó káfíìnì palẹ̀. Lára ẹni tí kò lóyún, ìdajì ohun tó mu á ti lọ láàárín wákàtí 3 sí 5. Oyún ń fa iṣẹ́ yìí sẹ́yìn. Èròjà ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe é á máa rẹlẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí oyún bá wọ oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ó lè gbà tó wákàtí 15 kí ìdajì tó lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ife tí ìyá mu ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó tún ń gbé omi kaná fún òmíràn. Bí oorun bá ń dá aboyún lójú lóru, kó má di gbogbo ẹ̀bi lé ikùn ńlá.

Ibi ọmọ kì í dá káfíìnì padà. Bó ṣe ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú kò sì tíì ní èròjà tí yóò fi wó o. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi kó dúró títí ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò fi gbé e jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti wá. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà ìtọ́jú aboyún rẹ̀ pé kí aboyún tó ń gba ju mílígíráàmù 300 káfíìnì lọ lóòjọ́ dín in kù, torí oyún tó lè bàjẹ́ àti ọmọ tó lè kéré jù nígbà ìbí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 300 ni tiwọn náà tẹ́lẹ̀, ní 2008 ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí 200. ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, fara mọ́ 200 ní 2010, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní 2015. Ní tèmi, 200 ni kí aboyún tiwa náà mú lò. Kì í ṣe pé 300 jẹ́ májèlé. Ìdí ni pé ìwọ̀n tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ péye. Ẹni tó bá fọkàn sí 200, bó tilẹ̀ ṣi ìṣirò díẹ̀, kò tíì jìn jù.

Ìwádìí kan wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò kí wọ́n tó yí ọwọ́ padà. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé e jáde ní 2008. Aboyún 2,635 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn ní Leeds àti Leicester. Bí káfíìnì ṣe ń pọ̀ sí i lára ìyá ló ń wọ́pọ̀ sí i kí ọmọ rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Tíì ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú káfíìnì náà wọlé, ó tó ìdá 62 nínú 100. Kọfí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù dáadáa, ẹni tí wọ́n ń bá po tíì níbi iṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ti dìde lọ sídìí kẹ́túlù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Kò sí ẹni tó lè pín aboyún sọ́nà méjì, kó ní kí apá kan máa mu ife mẹ́wàá lójúmọ́ kí òun lè wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣe ni pé wọ́n á bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń mu, wọ́n á sì dúró de ìbímọ. Ìrìndọ̀ ló ń da ìṣirò yìí rú. Oyún tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló sábà ń mú kí ìyá máa bì, kí òórùn tíì máa rí i lára, tí á fi pa á tì fúnra rẹ̀. Oyún tí kò dúró dáadáa kì í sábà mú èébì wá tó bẹ́ẹ̀, ìyá náà á sì máa mu tíì rẹ̀ lọ. Bí oyún yẹn bá wá bàjẹ́, lórí ìwé, ṣe ni yóò dà bíi pé tíì ló bà á jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oyún náà ti ní ìṣòro tirẹ̀ kí ìyá tó gbé ife. Àwọn tó ń mu sìgá tún wà, tí wọ́n sábà máa ń mu kọfí púpọ̀. Àwọn olùwádìí mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ń gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò, àmọ́ kì í tán pátápátá. Nítorí náà, ìṣọ́ra ni òṣùwọ̀n 200. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe. Ìyá tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí àwọn ará ilé ọkọ wá ń nàka sí ife Lipton rẹ̀, kò sí ohun kan nínú àwọn ìwádìí yìí tó fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku kíkà. Ìṣirò tí iléeṣẹ́ ìlera Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ń fún àwọn aboyún rọrùn láti há sórí: ife ńlá tíì kan, 75 mílígíráàmù, kọfí ẹlẹ́tù tí a kàn ń po, bíi Nescafé, 100, kọfí tí wọ́n sẹ́, 140, agolo kola kan, 40, agolo energy drink kékeré, 80. Ṣokoléètì kéré, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Láàárọ̀, ó mu ife Lipton kan kó tó jáde: 75. Lọ́sàn-án, oòrùn mú, ó ra Coke tútù: ó di 115. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ariwo ọjà ti fún un ní ẹ̀fọ́rí, ó sì lo Panadol Extra méjì. Káfíìnì 65 ló wà nínú hóró kan Panadol Extra. Méjì jẹ́ 130. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 245, bẹ́ẹ̀ ife tíì kan ṣoṣo ló mu látàárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, yóò búra pé òun kì í mu tíì púpọ̀, kò sì parọ́.

Oògùn ẹ̀fọ́rí yìí ni mo rí pé wọ́n máa ń gbàgbé jù. Panadol tí kò ní "Extra" lórúkọ, tó jẹ́ parasitamọ́ọ̀lù lásán, kò ní káfíìnì, òun sì ni nọ́ọ̀sì sábà máa ń ní kí aboyún lò bí ara bá ń ro ó. Alábùkún, oògùn oníyẹ̀fun tí Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Ábẹ́òkúta láti 1918, tí àwọn bàbá wa fi ń lé ẹ̀fọ́rí, aspirin àti káfíìnì ló wà nínú rẹ̀. Káfíìnì ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan aboyún lóminú. Aspirin ni, nítorí aboyún kì í lò ó àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún un. Ẹ máa yí páálí oògùn padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Obì ló ṣòro jù láti kà. Kò sí páálí tí èèyàn máa yí padà, bí ọ̀kan ṣe tóbi kọ́ ni èkejì ṣe tóbi. Gbànja ní káfíìnì, àbàtà náà ní. Bí wọ́n bá sá obì gbẹ, káfíìnì inú rẹ̀ lè tó èyí tó wà nínú ewé tíì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ewé tíì ni a ń rẹ sómi tí a sì ń da nù, obì ni a ń jẹ tán. Aboyún tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí èébì ń yọ lẹ́nu sábà máa ń gbé obì há ẹ̀rẹ̀kẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Awẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà kò lè ṣe ohunkóhun. Jíjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó jáwọ́ nínú rẹ̀, bó bá sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, kó fi tíì ọjọ́ náà sílẹ̀. Energy drink, kí aboyún má mu ún rárá. Káfíìnì nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣúgà ibẹ̀ náà pọ̀.

Bí a ṣe po tíì náà ní tirẹ̀. Ìwọ̀n ewé inú bágì kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ, omi gbígbóná sì máa ń tètè fa káfíìnì inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá yọ bágì lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, káfíìnì ife rẹ̀ á kéré sí ti ẹni tó fi í sínú ife títí tó fi mu ún tán, tó tún fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife kó tó jù ú nù. Bágì kan fún ẹni méjì, ìwà ìṣọ́wóná àwọn ìyá wa àtijọ́, bá aboyún mu gan-an. Mílíìkì kò pa káfíìnì. Ó kàn ń bo ìkorò rẹ̀ ni. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá da omi àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, káfíìnì ti bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ní ti tíì àwọn mai shayi ẹ̀bá títì, tó ń gbóná látìgbà tí wọ́n ti kírun òwúrọ̀, tí wọ́n ń bu ewé lé e, tí wọ́n ń bu omi lé e, tí wọ́n á wá gbé e sókè tantan kó fi hó sínú ife kejì, kò sí ẹni tó lè sọ iye káfíìnì inú rẹ̀. Ẹ kà á sí ife méjì. Ó dùn, mi ò jiyàn.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń bá aboyún sọ̀rọ̀, ìgbà tó ń mu tíì rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè iye ife. Káfíìnì kọ́ ló fa èyí. Èròjà mìíràn wà nínú tíì tí wọ́n ń pè ní táníìnì, òun ló ń mú un korò díẹ̀ tó sì ń fún ahọ́n pọ̀. Ó wà nínú obì náà. Bí táníìnì bá pàdé áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nínú ikùn, ṣe ló máa so mọ́ ọn, ara ò sì ní lè fà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà ló ń ṣe èyí sí jù. Ti ẹran àti ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ife tíì kan tí a bá mu pẹ̀lú oúnjẹ lè dín áyọ́ọ̀nù tí ara máa rí fà nínú irú oúnjẹ ewébẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù ju ìdajì lọ.

Ẹ wá wo oúnjẹ àárọ̀ wa: búrẹ́dì, àkàrà gbígbóná, ife Lipton. Ẹ̀wà inú àkàrà yẹn ni ìyá ń retí pé yóò fún òun lẹ́jẹ̀, tíì sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Àwọn mìíràn tún ń fi tíì náà gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní àntènétà mì, torí pé oògùn náà ń rí wọn lára. Oṣù á yí po, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, PCV, òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á ṣì wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa bínú pé ìyá ò lo oògùn rẹ̀, ìyá á sì máa búra pé òun ń lò ó. Òótọ́ ni ìyá ń sọ. Ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀ aboyún nílẹ̀ wa, kò sì yẹ kí a tún máa fi ọwọ́ ara wa da èyí tó kù nù.

Ojútùú rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Kí tíì jìnnà sí oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan ó kéré tán. Méjì dára jù. Omi ni kí a fi lo oògùn náà, tàbí kí a jẹ ọsàn tẹ̀ lé e, torí fítámìn C inú ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti fa áyọ́ọ̀nù. Tíì aago mẹ́wàá, nígbà tí àkàrà ti dà nínú ikùn, ló dára jù fún aboyún: kò bá oúnjẹ jà, kò sì ní bá oorun òru jà.

Tíì eléwé mìíràn tí kò ní káfíìnì, èèyàn lè rò pé ọ̀nà àbáyọ pátápátá ni. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná dára fún èébì òwúrọ̀. Koríko ọba, ìwọ̀nba rẹ̀, ó tó. Àmọ́ a kò ní ìwádìí tó pọ̀ lórí àwọn ewé wọ̀nyí lára aboyún bí a ṣe ní lórí káfíìnì, ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí aboyún má mu ju ife mẹ́rin irú wọn lọ lóòjọ́. Àwọn "slimming tea" tí wọ́n ń tà láti fi fọ ikùn ni kí aboyún sá fún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní senna, tó ń mú èèyàn yàgbẹ́. Àgbo pẹ̀lú, kí ó sọ ọ́ fún agbẹ̀bí rẹ̀ kó tó mu ún.

Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa mu ife mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó má jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì. Láàárín ọjọ́ kan, ẹ̀fọ́rí á dé, ara á wúwo, inú á máa bí i, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Kó yọ ife kan kúrò, kó fún ara ní ọjọ́ mélòó kan, kó tó yọ òmíràn. Ife ìrọ̀lẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, tí àyà ń já, tàbí tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, dókítà rẹ̀ ni kó bá sọ òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Bí ìyá bá sì bímọ tán, òṣùwọ̀n 200 yìí náà ni kó máa bá a lọ níwọ̀n ìgbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀dọ̀ ìyá á ti padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ nínú káfíìnì tó ń mu ń bá wàrà lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ tuntun sì lè lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára rẹ̀.